Orí Ẹja Tí Ìyá Mautin Ò Rí

Ọjọ́ tí wọ́n bi mí léèrè orí ẹja nínú ilé ìyá mi, ọjọ́ yẹn ò ní kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀, àwọn ará ọjà ni ò jẹ́. Kì í sì í ṣe pé ọjọ́ náà burú tán. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé orí ẹja tí wọ́n ń bèèrè, kò sí ẹja kankan tó ni ín.

Ẹja yíyan ni iṣẹ́ ìyá mi. Etí ọ̀sà ní Àgbádárìgì ló ti ń yan án, ọjà Agbalata ló ti ń tà á. Ẹja ló fi tọ́ mi, òun náà ló fi rán mi lọ sí yunifásítì. Èmi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo yìí, n kì í jẹ ẹja. N kì í jẹ ẹran náà. Bí ẹ bá bi mí nídìí, mo ní ìdí mẹ́ta tó ṣeé gbọ́ sétí, mo sì ti gbé wọn yẹ̀ wò dáadáa kí n tó gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé kì í ṣe ìkẹrin tí n kì í sọ fún ènìyàn ló lágbára jù: láti kékeré ni mo ti ń fa ìfun ẹja jáde, ojú wọn sì ti wò mí tó.

Ìyá mi ò bá mi jà nítorí rẹ̀. Á bu ata tèmi sọ́tọ̀ kí ó tó da ẹja sínú ìyókù, ọ̀rọ̀ parí. Ìgbà tí mo jáde ilé ìwé ni wàhálà dé. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ni mo kọ́: bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ohun tó ń bà á jẹ́. Ẹnì kan ní ọjà wá mú òótọ́ méjì, ó fi wọ́n bí irọ́ kan. "Ọmọ rẹ̀ tó lọ kọ́ nípa oúnjẹ kì í jẹ ẹja rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ro ó wò." Mo gbà pé ìrònú náà dán létí. Èmi náà ì bá gbà á gbọ́ ká ní kì í ṣe èmi ni ọmọ ọ̀hún.

Kò pẹ́ tí oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyá mi sílẹ̀. Èyí tó dùn ún jù ni Alhájà tó ń dáná fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìjanikin, tó jẹ́ pé agbọ̀n ló fi ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Alhájà ò yà mọ́. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Mautin, olórí àwọn ẹlẹ́ja, fúnra rẹ̀ wá sílé wa, ó ní kí ìyá mi fi ìsọ̀ iwájú sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ná, kí ariwo rọlẹ̀. Ìsọ̀ iwájú yẹn, ìyá ìyá mi ló ti jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tó bí màmá mi.

Ìyá mi ní òun á pe àwọn méjèèjì wá jẹun, kí wọ́n wá wo bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Mo ní kí ó jẹ́ kí èmi se oúnjẹ náà, kí ó sì má sí ẹja tàbí ẹran nínú rẹ̀.

"Àwọn tó ń fi ẹja ṣòwò," ìyá mi ní, "lo fẹ́ gbé ìkòkò tí kò lẹ́ja ka iwájú wọn?"

"Ẹ̀rí ni, Màámi. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tí ó dùn, wọ́n á rí i pé ènìyàn lè fi ẹja sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń sá fún un."

"Ẹ̀rí," ó ní. Ó wò mí díẹ̀, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó jáde. Ohun tí mo mọ̀ nígbà náà, tí ó sì mọ̀ pé mo mọ̀, ni pé bí mo bá jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ tí mo jẹ ẹja kan ṣoṣo lójú gbogbo ọjà, ọ̀rọ̀ á tán. Kò sọ ọ́. Kò fi ojú sọ ọ́ pàápàá.

Wàrà sóyà ni mo kọ́kọ́ fi ọkàn sí. Mo mọ bí ó ṣe ń dì, mo lè ya àwòrán rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n wàrà tèmi ò ka ìwé tí mo kà. Ó kọ̀, kò dì, ó di nǹkan kan tó wà láàrin ògì àti omi ìfọṣọ. Nígbà tí mo dà á sẹ́yìn ilé, adìẹ aládùúgbò wá wò ó, ó sì pa dà.

Mo bá lọ sí Ìkòga, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé tó ń gbin olú sínú àgọ́. Olú rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Mo rò ó pé bí mo bá yan án lórí iná bí ẹja, tí mo wá fi se àjògún, ìyẹn ọbẹ̀ ata tí àwa Ègùn ń se, yóò ní ara, yóò sì ní òórùn. Mo ra wáyà tuntun, torí mi ò lè yan oúnjẹ tí èmi náà fẹ́ jẹ lórí wáyà tí òróró ẹja ti mu. Mo kó èèpo àgbọn, mo dáná. Olú àkọ́kọ́ jóná di èédú. Ìkejì tutù lábẹ́, ó dúdú lókè. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí.

"Dìde níbẹ̀," ó ní nígbẹ̀yìn.

Ó ri olú ìyókù sínú omi iyọ̀ bí ó ṣe ń ṣe ẹja, ó gbọn omi sí èèpo àgbọn kí ó lè máa rú èéfín, ó fi àpò bò ó. Nígbà tí ó ṣí i, olú náà pọ́n, ó ń dán. Mo tọ́ ọ wò. Mo ní láti tún wo wáyà náà kí n tó gbà pé tuntun ni lóòótọ́.

Ọ̀sán Sunday ni wọ́n dé. Ìyá Mautin kọ́kọ́ wọlé, Alhájà tẹ̀lé e, lẹ́yìn wọn ni ẹni tí a ò pè: Bàbá Viyọn, apẹja tí ìyá mi ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé korobá dání, ẹja òbòkún mẹ́rin ń jà nínú rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ìnáwó wà," ó ní. "A kì í wá lọ́wọ́ òfo."

Mo gba korobá náà bí ẹni gba ìwé ìpẹ̀jọ́, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi ọpọ́n dé e. Alhájà ń wo bí mo ṣe ń gbé àwo kiri.

"Ìwọ lo dáná?"

"Èmi ni, mà. Ìyá mi ràn mí lọ́wọ́."

"Ìyàwó rẹ á sùn wọra," ó ní, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ètò mi ni pé kí n ṣàlàyé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín. Ṣùgbọ́n Ìyá Mautin gbàdúrà, àdúrà náà sì gùn, ó kan ìsọ̀, ó kan ọ̀sà, ó kan àwọn ọ̀tá. Bí a ṣe ṣe àmín, mo la ẹnu, òun náà la ẹnu, àmọ́ òkèlè ti wà lọ́wọ́ tirẹ̀.

"É vivi," ó ní ní Ègùn. "Ó dùn. Ọmọ mi, ẹja wo lo fi sè é?"

Ìyá mi wò mí. Èmi wo ẹ̀kọ inú àwo mi. Mo lè gbèjà ara mi níhìn-ín pé mi ò parọ́. Mi ò sọ nǹkan kan ni. Mo wá mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì kò tó ohun tí mo rò.

"Ẹja wo ló tún ń bèèrè?" Bàbá Viyọn ní. "Òbòkún ni. Ẹ ò rí bí ara rẹ̀ ṣe ń fà?"

"Òbòkún kọ́," Alhájà ní. "Òbòkún lọ́ràá. Ẹja àbọ̀ ni."

"Àbọ̀ tí kò léegun?"

"Ó yọ eegun rẹ̀ ni. Ọmọ tó kàwé, ṣé ó máa fi eegun há wa lọ́fun?"

Wọ́n bá a lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pè é ní ẹja tí mo mọ̀, wọ́n pè é ní èyí tí mi ò gbọ́ rí. Ọbẹ̀ ń tán, àǹfààní láti sọ òótọ́ náà ń tán pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá Mautin wá nu ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ń retí.

"Ó yá," ó ní. "Orí mi dà?"

Ní àdúgbò wa, àgbà àlejò ló ni orí ẹja. A kì í bèèrè rẹ̀, gbígbé ni wọ́n ń gbé e wá. Bí àgbà bá ti fẹnu ara rẹ̀ bèèrè, ìwọ̀sí ti wọ̀ ọ́ díẹ̀. Ọpọlọ mi tí mo gbẹ́kẹ̀ lé láti ọjọ́ yìí wá fún mi ní ìdáhùn tó burú jù.

"Kò sí mọ́, mà."

Ìyá Mautin yọ ẹ̀yìn kúrò lára àga.

"Kò sí mọ́," Ìyá Mautin ní. "Ta ló jẹ ẹ́?"

Alhájà yí ojú sí Bàbá Viyọn. Ìyá Mautin náà yí i. Òun nìkan ni a ò pè, òun náà ni ọbẹ̀ rẹ̀ sì kọ́kọ́ tán.

"Èmi kẹ̀?" Bàbá Viyọn ní. "Ọmọ ọdún mélòó ni mí tí n ó máa jí orí ẹja jẹ?"

"Ní ìkómọ ọmọ àbúrò mi ńkọ́?" Ìyá Mautin ní. "Ta ló jẹ tibẹ̀?"

"Ti ìyẹn yàtọ̀. Wọ́n gbé e fún mi ni."

"Wọ́n gbé e kọjá níwájú rẹ ni."

Bàbá Viyọn dìde láti búra, ibi tó ti ń wá ibi tí yóò nawọ́ sí ló ti rí ológbò wa. Ológbò yìí, bí ènìyàn bá ń jẹ ẹja ní ilé kẹta, á ti dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó gba abẹ́ tábìlì kọjá, kò gbóòórùn àwo ẹnikẹ́ni, ó lọ jókòó ti korobá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ gbá ọpọ́n orí rẹ̀.

Bàbá Viyọn wo ológbò. Ó wo àwo rẹ̀. Ó tún wo ológbò.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó rọra ní, "kí la jẹ?"

"Olú ni," mo ní. "Kò sí ẹja níbẹ̀, kò sí ẹran. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí ẹ tó jẹun."

Alhájà gbé àwo rẹ̀ síwájú. "Òótọ́ mà ni ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jà. Nínú ilé ẹlẹ́ja, kò sẹ́ja nínú ìkòkò." Ó nawọ́ sí àtẹ ìyá mi lẹ́bàá ògiri, níbi tí ẹja yíyan wà lábẹ́ àwọ̀n. "Bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀, jẹ ẹyọ kan níbí. Ẹyọ kan péré. Mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í rà á lọ́la."

Mo wo àtẹ náà. Mo ro ìsọ̀ iwájú. Àwọn ìdí mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò wúwo mọ́ bí wọ́n ṣe ń wúwo tẹ́lẹ̀. Mo ti ń dìde nígbà tí ìyá mi sọ̀rọ̀.

"Jókòó," ó ní. "Alhájà, ẹ má bínú. Ẹja mi, títà ni mo ń tà á. N kì í torí rẹ̀ fipá mú ọmọ mi."

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ohun tí gbólóhùn yẹn ṣe sí mi lára, n ó sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó. Ètò ọ̀rọ̀ mi ti sọnù, mo sọ èyí tí mo ní.

"Mi ò lè sọ pé gbogbo ẹja tó wà ní Agbalata ló dára, torí mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ta ló bi ọ́ ní gbogbo ẹja?" Ìyá Mautin ní.

"Ti ìyá mi ni mo mọ̀. Kì í fín òògùn eṣinṣin sí i, àwọ̀n ló fi ń bò ó. Kì í fi rọ́bà dáná. Ẹja tí ikùn rẹ̀ bá ti rọ̀, kì í yan án, ó ń dá a padà fún Bàbá Viyọn."

"Ó ń dá a padà," Bàbá Viyọn ní. "Á sì bú mi lé e."

"Ohun tí mo kọ́ nílé ìwé nípa ẹja yíyan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹja tí mo lè dúró fún bí mo ṣe lè dúró fún tirẹ̀. Èmi ni n kì í jẹ ẹja. Ẹja ò ṣe mí ní nǹkan kan."

Ìyá Mautin mú olú tó kù nínú àwo rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi eyín gé e.

"Ta ló yan èyí?"

"Ìyá mi ni, mà."

Ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ó há a lọ́fun ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí tí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀.

"Alhájà," ó ní, "mo ti ń ta ẹja kí wọ́n tó bí ìyá ọmọ yìí. Obìnrin tó yan olú tí mo fi bèèrè orí rẹ̀, èmi ò lè gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́?"

Alhájà fẹ́ lejú, ẹ̀rín ò jẹ́. Ó ní òun ṣì sọ pé àbọ̀ ni. Kí ó tó lọ, ó ra agbọ̀n ẹja kan, ó sì rọra bi ìyá mi bóyá olú yẹn ṣeé rí rà, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí wọn kì í jẹ ẹran. Bàbá Viyọn ní kí a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun nítorí ọ̀rọ̀ orí. Ìyá Mautin ní kí ó kọ́kọ́ sọ ti ìkómọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò gùn. Bí o bá fẹ́ fi oúnjẹ jẹ́rìí, sọ ohun tó wà nínú ìkòkò kí àgbà tó bu òkèlè, torí ẹni tó dákẹ́ ò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹni tó parọ́, òun kàn tún lọ́ra ni. Èkejì, ìyá mi ò nílò ẹ̀rí tí mò ń kó kiri. Ọwọ́ rẹ̀ ti tó ẹ̀rí.

Ìsọ̀ iwájú ni ìyá mi ṣì wà. Mo máa ń bá a gbé ẹrù lọ ní ọjọ́ ọjà, mo sì máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí wa láti ìsọ̀ dé ìsọ̀: "Ìyá Olólú, ẹ káàárọ̀ o. Ẹja-Tí-Kò-Lórí, ṣé dáadáa lo jí?" Ìyá mi á dá wọn lóhùn, á gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá. Èmi náà ń dáhùn. Kí ni n ó ti ṣe?