Ẹ-Kan-Sáárá àti Máìkì Ilé Ìwé

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí ebi ìyìn máa ń pa. Ẹ-Kan-Sáárá là ń pè é. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe. Tó bá yí gílóòbù kan sókè báyìí, orí àkàbà ni yóò dúró sí, yóò máa wojú yín títí ẹ ó fi kí i.

Ṣáótáòtù ló fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá dárúkọ ẹni níwájú èrò, tí wọ́n ní, "Lágbájá, a rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ o," ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ṣáótáòtù nìyẹn. Ẹlòmíì ló sì ń fún ni. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ti Ẹ-Kan-Sáárá ni pé máìkì là á wò ká tó dárúkọ ara ẹni.

Nígbà tí ilé ìwé àdúgbò fẹ́ fún àwọn ọmọ lẹ́bùn, òun ni wọ́n ní kó wá so ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ló bá sáré lọ pe ìyá ìyàwó rẹ̀. Màmá yìí ò gbà rí pé iṣẹ́ gidi ni àna òun ń ṣe. "Ẹni tó ń gun àkàbà kiri" ló ń pè é.

"Mọ́mì, ẹ ṣáà máa bọ̀. Ìyáàfin ọ̀gá àgbà ilé ìwé máa fún mi ní ṣáótáòtù lójú gbogbo ayé. Lọ́jọ́ náà lẹ máa mọ irú ẹni tí ọmọ yín fẹ́."

"Etí mi kúkú ṣí," ni màmá wí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, èmi àti màmá jókòó sí àgbàlá láàárín àwọn òbí. Ẹ-Kan-Sáárá wà nínú yàrá kékeré tí ẹ̀rọ wà, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Ó fẹ́ fi máìkì ṣeré díẹ̀, ló bá fa wáyà kan yọ tó rò pé ti sípíkà àgbàlá ni. Wáyà fáànù ló fà yọ. Ooru mú un, kò fura.

Ṣàdédé ni sípíkà àgbàlá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn ọkùnrin ni, ó ń sín obìnrin jẹ: "Èmi ọ̀gá àgbà ń sọ fún yín pé, bí kì í bá ṣe ti akọni ọkùnrin yìí, òkùnkùn ì bá ti gbé wa mì. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un." Ó pàtẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. "Ìyá ìyàwó rẹ̀ dà? Ẹ dìde, kí wọ́n rí yín."

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ wa. Ojú gbà mí tì. Ọ̀gá àgbà, tó wà níwájú, tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, Ẹ-Kan-Sáárá jáde, òógùn bò ó, ó wá jókòó tì wá. Ọ̀gá àgbà dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ géètì.

"Ní ti ẹni tó so ẹ̀rọ," ó ní, "mi ò ní nǹkan kan láti fi kún un. Mo ti sọ tèmi tán lẹ́ẹ̀kan."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ-Kan-Sáárá dìde, ó tẹríba fún wọn yíká, ó wá yíjú sí màmá.

"Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ," ni màmá dáhùn. "Àmọ́ ti àkọ́kọ́ yẹn, ohùn ọ̀gá àgbà ò yàtọ̀ sí ti ẹni tó máa ń ní kí n bu ẹran kún tòun nílé mi."