Ẹsẹ̀-Wúrà Àgọ́-Ìwòyè

Ní Àgọ́-Ìwòyè, a ti yéé fi orúkọ tí ìyá àti bàbá Olúsànyà sọ ọ́ pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló wá orúkọ tuntun fún ara rẹ̀, òun náà ló sì kọ́kọ́ ń jẹ́ ẹ: Ẹsẹ̀-Wúrà. Bí ẹ bá kí i pé, "Bọ̀dá Sànyà, ẹ káàárọ̀ o," yóò máa wo ojú ọ̀run bí ẹni ń wá ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé, "Ẹsẹ̀-Wúrà, Àrá Jámánì, àgbọ̀nrín tí ń sáré lórí yìnyín!" Eyín yóò fara hàn títí dé kọ̀rọ̀ ẹnu, yóò sì na ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni pé ẹ fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ọdún mẹ́sàn-án ló lò ní Jámánì. Nígbà tó dé lọ́dún 2010, ó ní bọ́ọ̀lù ni òun fi gbogbo rẹ̀ gbá, orúnkún ló ní kí òun fẹ̀yìn tì. Orúnkún náà ń dùn ún lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ èwo ni. Lọ́jọ́ Ajé, ẹsẹ̀ òsì ni yóò máa tiro. Bó bá di Ọjọ́rú, ìrora ti kó lọ sí ọ̀tún, bí tíṣà tí ìjọba gbé kúrò ní iléèwé kan sí òmíràn.

Iwájú ilé tó háyà, lẹ́bàá ọ̀nà yunifásítì, ló ti máa ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọlọ́kadà.

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀," ni yóò wí. "Bàbá mi ń ṣe búrẹ́dì. Èyí tó bá ti gan, tí ẹnikẹ́ni ò rà, òun ni mo fi ń kọ́ bọ́ọ̀lù."

Asimawu ń bẹ ní òdìkejì ọ̀nà tó ń ta ẹja gbígbẹ. Ọmọ Ibiade, ìlú àwọn apẹja, lòun àti Ẹsẹ̀-Wúrà, àdúgbò kan náà ni wọ́n ti jáde. Lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Bàbá ta ló ń ṣe búrẹ́dì? Ṣé bàbá yín tí mo mọ̀, tó ń da àwọ̀n sómi ní Ibiade?"

"Bí ẹja ò bá ti jẹ, búrẹ́dì ló ń ṣe," ni Ẹsẹ̀-Wúrà dáhùn.

"Èé ti jẹ́ tí àwa ò jẹ nínú búrẹ́dì náà rí?"

"Èmi ni mo gbá gbogbo rẹ̀ tán."

Bí ìtàn náà ṣe ń lọ nìyẹn. Lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú kékeré kan ní Jámánì mú un. Ọjọ́ kan wà tí yìnyín ń bọ́, ó gbá bọ́ọ̀lù láti àárín pápá, kípà ń nu ojú lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n. Lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, orúnkún yẹ̀. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un ló sunkún, kì í ṣe òun. Gbogbo wa ló mọ ìtàn yìí sórí bí ọmọ iléèwé ọjọ́ ìsinmi ṣe mọ àkọ́sórí.

Ká ní ẹnu lásán ló fi ń jẹun ni, à bá máa rẹ́rìn-ín lọ. Ṣùgbọ́n ojú Ẹsẹ̀-Wúrà wọ pápá.

Pápá ìlú ni mo wí, èyí tó wà lẹ́yìn iléèwé girama. Ibẹ̀ ni Míìsì Zipporah, tíṣà eré ìdárayá, ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ kojú iléèwé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tó bá sì borí ni yóò lọ ṣojú gbogbo agbègbè wa. Ẹsẹ̀-Wúrà ní kí ìlú gbé pápá náà fún òun, òun fẹ́ mọ odi yí i ká, kí òun dá ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé àwòrán rẹ̀ lọ bá Olóyè Ọlátúbọ̀sún, alága ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó pápá. Lórí àwòrán náà, ilé ọ̀gá gba ìdajì. Ilé àlejò gba ibi tó pọ̀ nínú ìyókù. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù kò ju ẹní kan lọ.

"Níbo làwọn ọmọ mi yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù?" ni Zipporah béèrè.

"Míìsì, ẹ kọ́ wọn lóúnjẹ sísè," ni Ẹsẹ̀-Wúrà wí. "Ohun tí ẹsẹ̀ obìnrin mọ̀ ni ọ̀nà ọjà."

Olóyè fẹ́ràn ohunkóhun tó bá ti òkè òkun wá. Ó ní kí wọ́n tẹ ìwé àdéhùn, òun yóò fọwọ́ sí i ní Sátidé.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni yunifásítì gba àlejò kan, òyìnbó Jámánì tó ti fẹ̀yìn tì nínú bọ́ọ̀lù gbígbá. Détílẹ̀fù Brómù lorúkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ló fẹ́ fi kọ́ àwọn tíṣà eré ìdárayá. Zipporah wà nínú kíláàsì náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òyìnbó náà ń sọ bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀, ó ní bàbá òun máa ń ṣe búrẹ́dì, èyí tó bá gan lòun fi ń kọ́ bọ́ọ̀lù.

Zipporah gbé bírò sílẹ̀. Nígbà tí kíláàsì parí, ó lọ bá a, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sí pápá ìlú ní Sátidé, kó wá wo àwọn ọmọ òun, kó sì sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ará ìlú. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí Olóyè gbọ́, inú rẹ̀ dùn dé ibi tó fi gbàgbé fìlà sílé. Ó ránṣẹ́ sí Ẹsẹ̀-Wúrà pé ará Jámánì kan ń bọ̀, kó wá fi èdè wọn kí i káàbọ̀. Ẹsẹ̀-Wúrà gbà. Jámánì tóbi, ẹni mélòó ló lè mọ òun níbẹ̀?

Òjò rọ̀ ní ìdájí Sátidé, ẹrẹ̀ sì kún pápá. Síbẹ̀ èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ẹsẹ̀-Wúrà gúnlẹ̀ nínú kóòtù dúdú, ó jókòó lápá ọ̀tún Olóyè. Àlejò dé pẹ̀lú Dókítà Láńre, olùkọ́ ní yunifásítì, tó ń túmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí Yorùbá.

"Ẹsẹ̀-Wúrà, dìde!" ni Olóyè pariwo. "Fi èdè yín kí ará ilé rẹ!"

Ẹsẹ̀-Wúrà dìde, ó yíjú, ó rí ojú òyìnbó náà. Lọ́jọ́ yẹn, orúnkún méjèèjì ló dùn ún pọ̀.

Gbogbo Jámánì tó gbọ́ fò lọ lórí rẹ̀. Ohun tó kù ni èyí tó ti ń kà lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó na ọwọ́ sókè, ó ké pé: "Káltì! Fíásìkì gírádì! Búńtì fẹ́ṣẹ̀! Ṣílọ́ídàn!"

Àtẹ́wọ́ ró. Òyìnbó náà gbé ìpéǹpéjú sókè, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́ sétí Láńre.

"Àlejò wa ní òun dúpẹ́," ni Láńre túmọ̀, ojú rẹ̀ dàrú, "àmọ́ òun ò mú aṣọ ìdọ̀tí kankan wá."

A tún pàtẹ́wọ́. Kí la mọ̀?

Brómù wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀," ni Láńre túmọ̀. "Bàbá mi ń ṣe…"

"Búrẹ́dì!" ni àwọn ọlọ́kadà dá a lóhùn.

Òyìnbó náà yíjú wò wọ́n, ó sì ń bá ìtàn lọ. Ó ní, "Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí ẹgbẹ́ ìlú kékeré kan mú mi. Lọ́jọ́ kan, yìnyín ń bọ́, mo wà láàárín pápá…"

"Kípà ń nu ojú lọ́wọ́!" ni gbogbo pápá ké.

"Orúnkún mi yẹ̀…"

"Dókítà sunkún!"

Brómù rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kódà ní ìlú tí wọ́n bí òun sí, wọn ò mọ òun tó báyìí. Ta ló sọ ìtàn òun fún wọn?

Asimawu dìde, ó sì na ìka. Òyìnbó náà tẹjú mọ́ ọkùnrin inú kóòtù dúdú, tó ń wá ọ̀nà àtiwọ abẹ́ àga.

"Sànyà?"

Kò jẹ́ ká mí. Ó sáré lọ dì mọ́ ọn, ó gbé e kúrò nílẹ̀. Omi lé ròrò lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Láńre sì ń túmọ̀:

"Ẹ̀yin ará, ọkùnrin yìí ló ń gbá yàrá tí a ti ń múra. Òun ló ń fọ jẹ́sì wa. Kò sí ẹgbẹ́ tí jẹ́sì wọn mọ́ tó tiwa. Bí wọ́n bá nà wá, a ó ní ó kéré tán, a mọ́ jù wọ́n lọ. Ohun tó fi kí mi lẹ́ẹ̀kan, ara ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n kọ ọ́ sí: omi tútù, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, aṣọ aláwọ̀, fún un gbẹ. Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni!"

"Kò kúkú parọ́," ni Asimawu wí. "Ó ní òun gbá. Àwa la ò bi í léèrè ohun tó gbá."

Pápá bú sẹ́rìn-ín. Brómù rò pé ayọ̀ ni. Ó gbé ọwọ́ Sànyà sókè bí ọwọ́ ẹni tó gba ife, ó ní ká pàtẹ́wọ́ fún un, a sì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá.

Olóyè Ọlátúbọ̀sún nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Sànyà, gólì orí yìnyín ńkọ́?"

"Olóyè, mo wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Lẹ́yìn fèrèsé."

Olóyè fa ìwé àdéhùn ya sí méjì, ó tún un ya sí mẹ́rin. "Míìsì Zipporah," ni ó wí, "kó àwọn ọmọ rẹ wọ pápá."

Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà nínú ẹrẹ̀, Brómù ló fọn fèrè fún wọn. Sànyà kò lè lọ, nítorí àwọn ọlọ́kadà tó yẹ kó gbé e ló yí i ká, tí wọ́n ń bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń fi èdè Jámánì fọ ṣòkòtò. Nígbà tí eré parí, Zipporah gba jẹ́sì lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, ó dì wọ́n, ó sì gbé wọn kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹrẹ̀ ń kán lára wọn.

"Bọ̀dá Sànyà, ọjọ́ Ajé là ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó," ni ó wí pẹ̀lẹ́. "Wọ́n ní ẹ mọ iṣẹ́ yìí ju gbogbo Jámánì lọ."

Sànyà wo ẹrù náà. Ó wo Brómù tó dúró lókèèrè, tó ń mi orí sí i bí ẹni tí ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ yangàn. Ó bọ́ kóòtù, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò ra àbààwọ́n kan wò, bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò.

"Ọṣẹ dà?" ni ó béèrè.