Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Ọ̀nà Gun Kẹ̀kẹ́

Bí ẹ bá dé Bódìjà ní ọdún 1964, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó wọ kákí tí wọ́n lọ títí tó fi gan pa, tó dé fìlà líle irú èyí tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó máa ń dé, tó ń yan bí ẹni pé òun ló dá ilẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Adéróunmú ni. Adéróunmú Ọ̀gá Ọ̀nà, Apàṣẹ-fún-táyà, Ọkùnrin Mẹ́ta! Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi àwọn oríkì wọ̀nyí ki ara rẹ̀, nígbà tí kò rí ẹni tó máa kì í.

Iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹgbẹ́ àwọn onílé ló la ọ̀nà tóóró kan lábẹ́ igi, láti ẹ̀yìn ilé wọn títí dé ìhà Agbowó, kí tọkọtaya lè máa rìn gbafẹ́ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ náà ń gba ibẹ̀. Kí wọ́n má baà máa kọ lu àgbàlagbà, ẹgbẹ́ ṣòfin kan ṣoṣo: bí o bá wà lórí kẹ̀kẹ́, tí o pàdé àgbà tó ń fẹsẹ̀ rìn, sọ̀kalẹ̀, kí i, kí o tó kọjá. Kò le rárá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí òfin tó dé. Wọ́n wá ní kí Adéróunmú, tó ti ṣe akódà kóòtù rí, máa ṣọ́ ọ̀nà náà.

Àṣìṣe gbáà! Kò pẹ́ tí ọkùnrin yìí fi sọ òfin di oúnjẹ. Á lúgọ sẹ́yìn igi máńgòrò. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti sún mọ́ ọn, á yọ fìrì sójú ọ̀nà, á fẹ àyà.

"Ìwọ! Èmi kì í ṣe àgbà ni? Kí ló dé tí o ò sọ̀kalẹ̀ kí mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yìn igi lẹ wà."

"Ṣé àgbà kì í wà lẹ́yìn igi ni?"

Ẹlẹ́mu á fi ẹmu bẹ̀ ẹ́, ẹlẹ́ran á gé ẹran fún un. Bí ẹnì kan bá sì sọ̀kalẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, Adéróunmú á ní ó dí ọ̀nà. Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn náà! Ikùn rẹ̀ ń yọ, kákí ń fún un.

Akínbíyì ló jìyà rẹ̀ jù. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń gbé búrẹ́dì láti Agbowó kiri ilé àwọn ará Bódìjà ní kùtùkùtù. Ojoojúmọ́ ni Ọ̀gá Ọ̀nà ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, á sì kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, nítorí èyí tó ṣì gbóná ló fẹ́. Lọ́jọ́ tí Akínbíyì ní òun ò ní fún un mọ́, Adéróunmú gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi! Ìyàwó mi wà nínú oyún. Bí kẹ̀kẹ́ yìí ò bá padà sọ́wọ́ mi títí di Sátidé, ọ̀gá mi níbi búrẹ́dì á gba ẹlòmíràn síṣẹ́."

"Ẹlòmíràn náà á gba ibí kọjá," ni Adéróunmú wí, ó sì ti kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Níbẹ̀ ni ìyá tó bí Olúkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ ti bá a, tó wá kí wọn láti Baṣọ̀run. Ìyá yìí kò ka àna rẹ̀ kún rí. Ó rí kẹ̀kẹ́ tó ń dán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ló ni kẹ̀kẹ́?"

Orí Adéróunmú wú. "Èmi ni, Màmá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni."

"Ìwọ? O káre, àna mi! Wàá lò ó gbó o."

Ẹ wò ó, àdúrà yẹn dùn mọ́ ọn ju ẹran àti ẹmu lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ti kẹ̀kẹ́ kiri Bódìjà. Títì o, kì í ṣe gígùn. Bí wọ́n bá bi í, á ní èèyàn ńlá kì í làágùn ní gbangba. Irọ́ ni! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò gun kẹ̀kẹ́ rí.

Sátidé dé. Ẹgbẹ́ onílé pé jọ sí òkè ọ̀nà náà, wọ́n fẹ́ sọ Adéróunmú di Ìnsípẹ́tọ̀, nítorí wọn ò tíì gbọ́ ohun tó ń ṣe lẹ́yìn igi. Ó ti ránṣẹ́ pe ìyá ìyàwó rẹ̀ pé kó wá wòran. Kí Alàgbà Oyèṣọlá, alága ẹgbẹ́, tó la ẹnu, Akínbíyì já sáàárín wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ gbà mí, Bàbá. Kẹ̀kẹ́ mi ló wà lọ́wọ́ wọn yẹn. Òní ni ọjọ́ tí ọ̀gá mi dá fún mi pé."

Ẹni tó gbọ́n á ní òfin lòun fi gbà á. Ṣùgbọ́n Adéróunmú bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ìyá ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ti gbọ́ pé ó ra kẹ̀kẹ́.

"Irọ́ ló ń pa! Èmi ni mo rà á."

"Ó dáa," ni Alàgbà wí. "Gùn ún ká rí i."

"Ẹ̀n?"

"Ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ á mọ̀ ọ́n gùn."

"Bàbá, oúnjẹ tí mo jẹ láàárọ̀ yìí..."

"Gùn ún!" ni gbogbo èrò pariwo. Akínbíyì fúnra rẹ̀ di gàárì mú fún un títí ó fi jókòó, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Yé è! Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà náà dà sísàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ń sáré, Adéróunmú ń gbọ̀n lórí rẹ̀, fìlà líle ti fò wọgbó. Ta ló tún ń gòkè bọ̀, tòun ti gèlè, tòun ti agboòrùn, tó ń bọ̀ wá wo ọlá àna rẹ̀? Ìyá Olúkẹ́mi! Inú ìyá dùn bó ṣe rí i lórí kẹ̀kẹ́. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ń retí kó sọ̀kalẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmáaaa!"

Ó ti kọjá. Gèlè ṣí lórí ìyá. Àna kí ìyá ìyàwó láti orí kẹ̀kẹ́, lójú gbogbo ayé! Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ká ọwọ́ lérí. Kẹ̀kẹ́ dé ìsàlẹ̀, ó yà bàrá, ó da Ọ̀gá Ọ̀nà sínú gọ́tà.

Èrò sáré dé. Ìyá náà dé, ó ń mí hẹlẹ. Adéróunmú ti nà gbalaja nínú ẹrẹ̀, ó dojú bolẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni ẹnì kan wí. "Wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ báyìí."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

"Adéróunmú, èmi lo kọjá lára mi bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí ò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkíni lójú ọ̀nà? Kí ló dé tí o ò sọ̀kalẹ̀?"

Ó gbé orí sókè. Ẹrẹ̀ kún irun imú rẹ̀. Irọ́ ti tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, Màmá. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀."

Alàgbà Oyèṣọlá ní ẹjọ́ ti parí, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa ṣọ́ ọ̀nà. Akínbíyì fa kẹ̀kẹ́ yọ nínú gọ́tà, ó fi ẹ̀wù nù ún, ó rọra tì í kọjá níwájú àwọn àgbà. Ìgbà tó kọjá wọn tán ló tó fò gùn ún, ó gba ọ̀nà Agbowó lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

Ìyá Olúkẹ́mi tún gèlè wé, ó yíjú sọ́nà Baṣọ̀run.

"Ṣé ẹ ò ní yà sílé ni, Màmá?" ni Adéróunmú ń bẹ̀bẹ̀ láti inú gọ́tà.

"Bá mi kí Olúkẹ́mi," ni ìyá wí. "Ìwọ, mi ò rí ọ."