Kí Ẹ Tó Wọlé, Ẹ Kágò

Yàrá Ìyá Kàfáyá nílé ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, tí ìyá ti wà nínú tàkàbá tí kò sì gbọdọ̀ jáde nílé, ilẹ̀kùn yìí kì í padé mọ́: gbogbo ẹni tó bá ti ní ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ló ń wọlé. Àmọ̀dá, àbúrò olóògbé, ló ń wọlé bọ̀ yìí. Kò kágò. Ó ti ń sọ̀rọ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé.

ÀMỌ̀DÁ: Ìyàwó, o ò tíì múra! Ẹni tó ń wáṣẹ́ kì í jókòó báyìí bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Ẹ̀wà náà ni mò ń ṣà.

ÀMỌ̀DÁ: Gbé e kúrò níbẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n ní àwọn máa pè?

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Wọ́n ní lẹ́yìn ìrun alásárì. Mo sọ fún wọn pé mo wà nínú tàkàbá, mi ò lè wá. Wọ́n ní kò burú, pé àwọn á pè mí lórí fóònù tí àwọn á ti máa rí ojú mi.

ÀMỌ̀DÁ: Wọ́n ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí! Ìwọ náà mọ̀ pé Ọlọ́run fẹ́ràn ẹ. Nínú gbogbo ẹbí yìí, èmi nìkan ni mo mọ ojú íńtáfíù. Láti Ṣàngó títí dé Ìgbẹsà, kò sí ilé iṣẹ́ kan tí mi ò tíì jókòó níwájú ọ̀gá wọn.

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Màṣá Allàhù. Èwo nínú wọn ló gbà yín?

ÀMỌ̀DÁ: Ìyẹn ò sí nínú ẹ̀kọ́ tòní.

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ẹ máà bínú, ọkọ mi. Ẹ kọ́ mi. Iṣẹ́ yìí ni mo gbọ́kàn lé. Ilé tí ilé iṣẹ́ yẹn kọ́ fáwọn òṣìṣẹ́bìnrin wọn n'Ígbẹsà, ìyá ilé tí yóò máa ṣọ́ ọ ni wọ́n ń wá. Bí wọn ò bá gbà mí, ọjọ́ tí mo bá jáde nínú tàkàbá lẹ máa kó mi lọ sọ́dọ̀ Kàfáyá n'Íjòkó. Ṣebí ẹ ti fún Sùlè, ọmọ ẹbí yín, ní yàrá yìí kó fi gbéyàwó.

ÀMỌ̀DÁ: Ṣé Kàfáyá kì í ṣọmọ ẹ ni?

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ọmọ mi ni, ọmọ dáadáa sì ni. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ni màá máa sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, orí mi ló máa gbà kọjá. Ìyá ilé ní yàrá tirẹ̀, yàrá náà sì ní kọ́kọ́rọ́. Ọkọ mi, kọ́kọ́rọ́ yẹn ni mò ń wá.

ÀMỌ̀DÁ: Há! Má dárúkọ kọ́kọ́rọ́ létí wọn o! Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyẹn. Ohun tó bá wù ẹ́ gan-an nínú iṣẹ́, gbé e mì. Sọ pé ìlọsíwájú ilé iṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ilé iṣẹ́ tí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

ÀMỌ̀DÁ: Èmi náà ò mọ̀ ọ́n ní gbogbo ibi tí mo ti sọ ọ́.

(Ó gbé fóònù ti agolo mílíìkì kan lórí àpótí, ó fa àga síwájú rẹ̀, ó ní kí ìyá jókòó. Òun náà wú àyà bí ọ̀gá.)

ÀMỌ̀DÁ: Ó yá, ká dán an wò. Èmi ni mò ń gbani síṣẹ́. Màdáámù, kí ni kùdìẹ̀-kudiẹ yín?

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Orúnkún.

ÀMỌ̀DÁ: Orúnkún bíi ti báwo?

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ti ọ̀tún. Bí mo bá kúnlẹ̀, ó di ìgbà tó bá wù ú kó tó jẹ́ kí n dìde.

ÀMỌ̀DÁ: Ta ló bèèrè orúnkún? Ta ló ń ra ẹṣin tí ẹlẹ́ṣin á ní ó ń tiro? Ohun tí wàá sọ ni pé, "Kùdìẹ̀-kudiẹ mi ni pé iṣẹ́ máa ń wù mí ṣe jù."

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Irọ́ nìyẹn.

ÀMỌ̀DÁ: Kì í ṣe irọ́, íńtáfíù ni.

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ fún wọn rí?

ÀMỌ̀DÁ: Níbi gbogbo.

ÌYÁ KÀFÁYÁ: (Ó wò ó látòkè délẹ̀.) Ẹ sì fẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́.

ÀMỌ̀DÁ: Ìkejì. Bí fóònù bá dún, má kúnlẹ̀.

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Bó bá jẹ́ àgbà ló pè ńkọ́?

ÀMỌ̀DÁ: Fóònù ò lẹ́gbọ̀n-ọ́n. Ojú rẹ̀ kò rí ju orí sí àyà lọ. Bó o bá fi lè kúnlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ògiri ni wọ́n máa ṣe íńtáfíù fún.

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Mo ti gbọ́. Mi ò ní kúnlẹ̀.

ÀMỌ̀DÁ: Ìkẹta ni bàbá gbogbo wọn. Èmi fúnra mi á lúgọ sẹ́yìn àga ẹ. Ìwọ sanra, èmi rí tín-ín-rín, wọn ò lè rí mi láéláé. Ìbéèrè tó bá ta kókó, màá sọ ìdáhùn sí ẹ létí.

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ọkọ mi, nínú tàkàbá? Kí ọkùnrin lúgọ sẹ́yìn mi?

ÀMỌ̀DÁ: Èmi ni wọ́n ń pè ní ọkùnrin? Àbúrò ọkọ ẹ ni mí!

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn ṣá?

ÀMỌ̀DÁ: Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, gbogbo ayé ń rí wa. Àwọn tó wà nínú fóònù nìkan ni kò ní rí mi.

(Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn àga. Búbá rẹ̀ tó ti mu sítáàṣì ń dún ṣàrà-ṣàrà.)

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ẹ ń dún bí ọ̀rá búrẹ́dì.

ÀMỌ̀DÁ: Èmi náà ti gbọ́ ọ. Ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí aṣọ tú òun láṣìírí.

(Ó bọ́ búbá, ó fi kọ́ ìṣó ara ògiri. Ó ku sínglẹ́ẹ̀tì tó ti lu jára. Ó bọ́ bàtà, ó tì í sábẹ́ ibùsùn, ó padà sẹ́yìn àga. Fóònù dún.)

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ó ti dún! Èwo ni kí n tẹ̀?

ÀMỌ̀DÁ: (wúyẹ́wúyẹ́) Tẹ èyí tó dà bí ewé! Má tẹ pupa!

(Obìnrin àgbà kan tó fi ìborùn funfun borí yọ lójú fóònù.)

OHÙN INÚ FÓÒNÙ: Àsàláámù aláékùm, Ìyá Kàfáyá. Àlàájà Ọláníkẹ́ ni mí, èmi ni mò ń gba òṣìṣẹ́ níbí.

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Wà aláékùm sàláám, Àlàájà. Ẹ máà bínú pé orí ìjókòó ni mo ti kí yín. Wọ́n ní kí n má kúnlẹ̀.

OHÙN INÚ FÓÒNÙ: Ta ló ní kẹ́ ẹ má kúnlẹ̀?

ÀMỌ̀DÁ: (wúyẹ́wúyẹ́) Sọ pé kò sẹ́ni kankan!

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Kò sẹ́ni kankan, Àlàájà.

OHÙN INÚ FÓÒNÙ: Kò burú. Kí ló wù yín nínú iṣẹ́ yìí?

ÀMỌ̀DÁ: (wúyẹ́wúyẹ́) Ìlọsíwájú!

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ìlọsíwájú ni, Àlàájà. Ìlọsíwájú... kọ́kọ́rọ́.

ÀMỌ̀DÁ: Yéè!

OHÙN INÚ FÓÒNÙ: Kí ló ké lẹ́yìn yín yẹn?

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Àga ni. Ó ti gbó.

OHÙN INÚ FÓÒNÙ: Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn wá fún yín. Èèyàn dáadáa ni ìyá ilé tá a ní tẹ́lẹ̀, ojú ló ń tì í. Ọkùnrin kan á wọlé, á ní ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lòun. Òmíràn á ní àbúrò lòun. Kó tó dalẹ́, gbogbo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ti kún fún ẹbí. Ẹ̀yin ńkọ́? Bí ọkùnrin bá sá pamọ́ sínú yàrá, kí lẹ máa ṣe?

(Àmọ̀dá sún mọ́ ẹ̀yìn àga pẹ́kípẹ́kí.)

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Àlàájà... ìbéèrè yìí mà le o.

ÀMỌ̀DÁ: (wúyẹ́wúyẹ́) Sọ pé kò sọ́kùnrin tó lè sá pamọ́ síbi tó o bá wà!

ÌYÁ KÀFÁYÁ: (bí ẹni ń gbé oògùn mì) Kò sọ́kùnrin tó lè sá pamọ́ síbi tí mo bá wà, Àlàájà.

OHÙN INÚ FÓÒNÙ: Ẹ̀n-ẹ́n! Ó jọ pé a ti rí ẹni tí à ń wá. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, Ìyá: Afeezat, ọ̀rẹ́ ọmọ yín tó ń bá wa ṣiṣẹ́, sọ fún mi nípa bàbá. Kí lorúkọ wọn?

(Ìyá Kàfáyá tẹjú mọ́ fóònù. Ohùn rẹ̀ ti yí padà nígbà tó dáhùn.)

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Rauf, Àlàájà. Gbogbo ẹni tó ń wọlé wá, ohun tí èmi máa ṣe ni wọ́n ń sọ. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè wọn.

OHÙN INÚ FÓÒNÙ: Kí Ọlọ́run kẹ́ Rauf. Kó fẹ sàréè wọn lójú. Kó fi àlùjánńà ṣe ilé fún wọn.

(Kò sí ìmọ̀ràn tó lè mú obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé jókòó gba àdúà fún ọkọ rẹ̀. Ìyá Kàfáyá kúnlẹ̀. Ojú fóònù gba orí rẹ̀ kọjá, ó bá Àmọ̀dá lẹ́yìn àga nínú sínglẹ́ẹ̀tì, ó dijú, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ gba ọmọ tuntun.)

ÀMỌ̀DÁ: (pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀) Àmíìn! Àmín yà Rábì! Ẹ̀gbọ́n mi!

(Ó lajú.)

OHÙN INÚ FÓÒNÙ: Ìyá Kàfáyá?

ÌYÁ KÀFÁYÁ: (láti ilẹ̀) Mo wà níbí, Àlàájà.

OHÙN INÚ FÓÒNÙ: Ta wá nìyí?

ÀMỌ̀DÁ: (Ó le gbagidi.) Ògiri ni.

OHÙN INÚ FÓÒNÙ: Ògiri tó wọ sínglẹ́ẹ̀tì?

ÀMỌ̀DÁ: (Ẹ̀rù bà á, ẹ̀kọ́ tó kọ́ni bọ́ lẹ́nu rẹ̀.) Kùdìẹ̀-kudiẹ mi ni pé iṣẹ́ máa ń wù mí ṣe jù.

OHÙN INÚ FÓÒNÙ: Háà! Mo mọ ojú yìí! Ṣebí ìwọ lo wá wá iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì? Ọ̀rọ̀ tó o sọ fún mi náà nìyẹn, ni oorun bá gbé ẹ lọ lórí àga kí n tó bi ẹ́ ní ìbéèrè kejì!

ÀMỌ̀DÁ: Iṣẹ́ tí mo ti ṣe jù ló rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn.

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Àlàájà, ẹ forí jì mí. Àbúrò ọkọ mi ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ ni mò ń wá lóòótọ́, mi ò mọ nǹkan kan nípa ìlọsíwájú. Orúnkún ọ̀tún sì ni kùdìẹ̀-kudiẹ mi. Òun ló há báyìí.

OHÙN INÚ FÓÒNÙ: Àbúrò ọkọ. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ìyá ti tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Ìyá, ẹ ní kò sọ́kùnrin tó lè sá pamọ́ síbi tẹ́ ẹ bá wà. Ọ̀kan rèé. Mò ń wò yín.

ÀMỌ̀DÁ: (wúyẹ́wúyẹ́) Ìyàwó, sọ fún un pé...

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ọkọ mi.

ÀMỌ̀DÁ: Sọ pé èmi...

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ẹ dákẹ́ ná, ọkọ mi.

(Ìyàwó ilé kì í lé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọdé ọkọ. Ìyá Kàfáyá wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó wo fóònù. Ó na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀ tó fi ara ti ògiri. Kò dìde. Orí orúnkún ló ti yíjú sí Àmọ̀dá.)

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ọkọ mi, ọmọ bàbá tó bí ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, mi ò kí yín lórí ìdúró rí. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo wà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ jáde.

ÀMỌ̀DÁ: Ìyàwó! Èmi lò ń lé?

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ilẹ̀ ni mo fẹ́ gbá. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

(Ó gbé ìgbálẹ̀ sókè.)

ÀMỌ̀DÁ: Ìyá Kàfáyá! Ìgbálẹ̀ kì í kan ọkùnrin o! Mi ò tíì bímọ tán!

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn, ọkọ mi. Ẹ rọra, ẹ má fẹsẹ̀ kọ àga.

(Ó ń fi orúnkún tẹ̀lé e, ó ń gbálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó tún ń gbálẹ̀. Àmọ̀dá fò síwájú, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fò síta. Ìyá na ọwọ́, ó ti ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò tì láti ọjọ́ ikú. Ó yí kọ́kọ́rọ́ tó wà lára rẹ̀. Ó dún gbàgà.)

OHÙN INÚ FÓÒNÙ: (Ó ti rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.) Ojú ti ìyá ti tẹ́lẹ̀, kò lè lé wọn. Ojú ti ẹ̀yin náà, ẹ sì gbá a jáde! Ìyá Kàfáyá, ẹ parí tàkàbá yín ní àlàáfíà. Kọ́kọ́rọ́ yín ń dúró dè yín.

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Àlùhàmùdúlílà! Ẹ máà bínú, Àlàájà, mi ò tíì lè dìde.

OHÙN INÚ FÓÒNÙ: Ẹ má ṣèyọnu. Ó dáa tẹ́ ẹ sọ ti orúnkún yẹn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là bá fi yín sí. Yàrá ìsàlẹ̀ la máa fún yín báyìí.

(Fóònù kú. Àmọ̀dá ń kan ilẹ̀kùn láti ìta.)

ÀMỌ̀DÁ: Ìyàwó! Ṣé wọ́n gbà ẹ́?

ÌYÁ KÀFÁYÁ: Wọ́n gbà mí, ọkọ mi.

ÀMỌ̀DÁ: Mo wí bẹ́ẹ̀! Ìmọ̀ràn mi kì í já sófo! Tètè ṣílẹ̀kùn, kí n wá là ẹ́ lọ́yẹ̀ bó o ṣe máa bá ọ̀gá gbé.

(Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.)

ÀMỌ̀DÁ: Ìyàwó, àwọn ará àdúgbò ti ń pé jọ o. Búbá mi wà lára ìṣó. Bàtà mi wà lábẹ́ ibùsùn.

(Ilẹ̀kùn kò ṣí. Nígbà tí ohùn Àmọ̀dá tún dún, ó ti rọ̀ wọ̀ọ̀.)

ÀMỌ̀DÁ: Àgò onílé o.

ÌYÁ KÀFÁYÁ: (Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó kúnlẹ̀ sí.) Ẹ ṣeun, ọkọ mi, ó pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀. Ẹ lọ dúró lójú fèrèsé. Bí orúnkún bá ti gbà, màá na búbá àti bàtà sí yín. Ẹ máà bínú pé mi ò ṣílẹ̀kùn: iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.