Gẹ̀ẹ́sì Àna Mi

Ọjọ́ ìsinmi tí bàbá ìyàwó mi ṣe ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún, bí mo bá tiẹ̀ darúgbó kùjọ́kùjọ́ lọ́la, mi ò ní gbàgbé rẹ̀. Bọ́láńlé ò tíì di ìyàwó mi nígbà náà. Mo ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé mo fẹ́ ẹ, wọn ò sì tíì fún mi lésì. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní Ẹdẹ níbí. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káńsù, wọ́n sì fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì ju oúnjẹ lọ.

Nígbà tí ìdúpẹ́ ku díẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n na bébà kan sí mi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí àwọn fẹ́ kà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni.

“Tíṣà, bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí ò bá dáa, sọ fún mi.”

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni “the most happiest day”. Nísàlẹ̀ rẹ̀, “my health is more better”. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé “happiest” ò nílò “most”, “better” ò sì nílò “more”. Àfi bí ẹni dé fìlà méjì lórí kan. Mo ti ń wá bírò nígbà tí ara fu mí.

Kí ló dé tí bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́? Bọ́láńlé ti sọ fún mi rí pé ọkùnrin kan tó wá fẹ́ ẹ̀gbọ́n òun bá bàbá jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ní kó máa lọ. Hẹ̀n-ẹ́n! Ìdánwò rèé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá màá rí àna fín. Mo yọjú wo ìyá Bọ́láńlé tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àwọn náà ń wò mí. Ó dá mi lójú pé wọ́n ti jọ gbìmọ̀ pọ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n!

“Ó dáa gan-an, sà. Kò síbi téèyàn lè fọwọ́ kàn.”

“Ó dá ọ lójú?”

Ìbéèrè yẹn gan-an tún mú kí n fura sí i. Mo tún dọ̀bálẹ̀. “Ó dá mi lójú, sà.”

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, bàbá dìde níwájú ìjọ. Bí wọ́n ṣe ka “most happiest”, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé orin bojú. Nígbà tó kan “more better”, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Èmi ṣì ń retí kí bàbá sọ pé àwọn ń ṣeré ni. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n nàka sí mi: “Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ di àna mi nìyẹn. Òun ló yẹ̀ ẹ́ wò fún mi.” Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú sí mi, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa fi orí sí.

Nírọ̀lẹ́, bàbá pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, wọn ò ní kí n dìde.

“Ṣé o rí àṣìṣe yẹn?”

“Mo rí i, sà. Mo rò pé ẹ fẹ́ fi dán mi wò ni. Mi ò fẹ́ rí yín fín.”

Bàbá mí kanlẹ̀. “Tó o bá rí iná lórí òrùlé mi, ṣé wàá dọ̀bálẹ̀ kí mi, kó o sì bá tìẹ lọ?”

Ẹ̀bẹ̀ ìyá Bọ́láńlé ló kó mi yọ, nígbà tó sì yá, bàbá gbà. Ohun tí mo kọ́ ni pé ká bọ̀wọ̀ fún àgbà ò ní ká máa wò ó kó lọ kó sí ìtìjú. Ṣùgbọ́n nílé àna mi, wọn ò gbà pé mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Títí dòní, bí mo bá ní ọbẹ̀ wọn dùn, ìyá ìyàwó mi á tẹjú mọ́ mi: “Ṣó dùn lóòótọ́, àbí ti ṣọ́ọ̀ṣì lò ń ṣe?” Mo máa ń búra fún wọn. Wọn ò gbà mí gbọ́ rí. Èmi náà á wá máa rẹ́rìn-ín, màá sì ní kí wọ́n bù sí i.