Ọjọ́ tí Mo Kí Àṣá Lọ

Ọjọ́ kan wà tí mi ò ní gbàgbé láyé mi, bó tilẹ̀ wù mí kí n gbàgbé rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 1994 ni. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé Àǹtí Kẹ́mi ní Lanham, nílùú òyìnbó, ni mò ń gbé. Bàbá wọn, tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn, wá tọ́jú ojú. Dókítà ní ti òsì ti lọ, ti ọ̀tún náà ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Bàbá wá ní àṣá kan wà, tó máa ń gba etí òkun kọjá nígbà tí ewé bá ń wọ́. Wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ iléèwé nípa rẹ̀ láì rí i rí. Wọ́n fẹ́ rí i kí ilẹ̀ tó ṣú bá àwọn. Sátidé ni wọ́n ń padà sílé. Ọjọ́bọ̀ la lọ.

"Ṣé o mọ ọ̀nà?" Àǹtí bi mí bí wọ́n ṣe ń fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Mo mọ̀ ọ́n, mà." Irọ́ ni.

Iwájú kọ́ọ̀tù Upper Marlboro la kọ́kọ́ já sí. Bàbá wo ilé náà. "Ṣé wọ́n ti mú ẹyẹ náà ni, tá a wá gba béèlì rẹ̀?"

Nígbà tá a dé ṣóńṣó ilẹ̀ tí omi yí ká, níbi tí àṣá náà máa ń gbà kọjá, ọ̀sán ti pọ́n. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, atẹ́gùn já fìlà Bàbá gbà. Mo sá tẹ̀ lé e wọnú ẹrọ̀fọ̀. Fìlà padà wá. Bàtà mi kan ò padà.

Kí n tó jáde níbẹ̀, ìyá òyìnbó kan tó ń wo ẹyẹ níbẹ̀ ti fọwọ́ pe Bàbá pé kí wọ́n rọra máa bọ̀. Àṣá náà ń bẹ lórí òpó kan, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ìyá náà yẹra nídìí awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Bàbá bọ́ gíláàsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wá a.

Èmi tí mò ń tiro bọ̀ lẹ́yìn kò wo òpó kankan. Ohun tí mo rí ni àwọn àgbàlagbà méjì tó gbájú mọ́ṣẹ́. Wọ́n tọ́ mi pé èèyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láì kí i. Mo gbóhùn sókè kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ:

"Well done o, sà! Well done, mà!"

Àṣá gbéra. Ó na ìyẹ́, ó di orí omi.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Bàbá ò tíì gbójú kúrò nídìí awò. "Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, sà."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo kí wọn kú iṣẹ́ ni, sà."

Bàbá nàró, wọ́n dá gíláàsì padà sójú. "Ẹni tó tọ́ ẹ ṣiṣẹ́. Òpó yẹn náà dáa, mo rí i kedere. Àṣá yẹn, báwo ló ṣe rí?"

Ǹ bá purọ́, ṣùgbọ́n mo ti pa ọ̀kan láàárọ̀. "Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí, sà."

A dúró títí oòrùn fi wọ̀. Kò padà wá.

Kó tó pé ọdún kan, ojú ọ̀tún Bàbá ti fọ́. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún ni mò ń lọ síbẹ̀ fún wọn. Mo ti kọ́gbọ́n: kí n tó lanu, mo máa ń kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn èèyàn ń wò. Lọ́dún tó kọjá, àṣá kan bà sórí òpó yẹn. Ẹnu ń yún mi, mo pa á dé. Nígbà tí mo délé, mo pe Ìbàdàn.

"Àyà rẹ̀ funfun, sà. Ilà dúdú kan wálẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, bíi ti àwọn ará Ọ̀yọ́."

"Ará ilé wa!" ni Bàbá wí. "O ò wá kí i?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fi apá aṣọ nu ojú.