Ìwé Ẹ̀rí Ọmọ Igbó, Ẹ̀dà Kẹta

Nígbà tí ẹranko ṣì ń jẹ oyè, tí wọ́n ń ṣèpàdé, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ sílẹ̀, Òòrẹ̀ kan wà ní Igbó Ọlọ́wàrà tó ní ẹbu epo. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ ló fi ẹbu náà sílẹ̀ fún un, òun ló sì ń gbé epo lọ sí ààfin Ọba Kìnnìún lọ́rọọrún. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní, Ọ̀kẹ́rẹ́, tó ti ń kọ ẹyìn fún un láti ọdún mọ́kànlá. Bó ti wù kí Òòrẹ̀ mọ epo ṣe tó, kò lè gun ọ̀pẹ.

Ní ọdún kan, Ìkookò, olórí àwọn ìjòyè, dìde ní ìgbìmọ̀, ó ní àwọn àjèjì ń ti òdìkejì odò wọ igbó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀.

"Mélòó lo ti rí?" Kìnnìún bi í.

"Kábíyèsí, a kò tíì rí ìkankan. Ìyẹn gan-an ló bà wá lẹ́rù. Wọ́n mọ̀ ọ́n fara pamọ́ púpọ̀."

Àwọn ìjòyè mi orí. Ni wọ́n bá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá gba òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ Ìwé Ẹ̀rí Ọmọ Igbó fún un, kó kọ ibi tí wọ́n ti bí i sí i, kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i, kí ọ̀gá náà kọ ibi tí wọ́n bí òun sí, kó fọwọ́ sí i, kó sì tọ́jú rẹ̀ de àwọn ayẹ̀wéwò. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé, wọn yóò ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ pa.

Òòrẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń bá ìjọba jiyàn. Ó pe Ọ̀kẹ́rẹ́.

"Níbo ni wọ́n bí ọ sí?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ nawọ́ sí ọ̀pẹ ẹ̀yìn ẹbu. "Ìyá, ẹ̀yin náà kúkú wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ bu omi fún ìyá mi mu lọ́jọ́ náà."

"Mo mọ̀. Wọn ò fi ààyè sílẹ̀ fún ohun tí mo mọ̀. Ohun tí o bá sọ ni kí n kọ."

Ó kọ ọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀dà kejì jáde, ó tún un kọ. Nígbà tí ẹ̀dà kẹta jáde, ó fi í wé ti tẹ́lẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kò rí ìyàtọ̀ kankan àfi pé "ẹ̀dà kẹta" ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ níbi tí "ẹ̀dà kejì" wà. Ó tún un kọ. Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú apẹ̀rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìkookò fúnra rẹ̀ wá ṣàyẹ̀wò. Ó ka ìwé náà, ó yí i padà, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ìyá, ìwé yín dára. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ní kí ẹ kọ ọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ gba òṣìṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi pẹ́."

"Ìjòyè, ìwé náà kò sí nígbà yẹn."

"Ohun tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn." Ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó ń bá èèyàn kẹ́dùn. "Mi ò fẹ́ ti ẹbu yín pa. Ẹ lé e, kí ẹ tún un gbà. Ẹ kọ ìwé lọ́jọ́ náà, kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí ààfin, ẹ má sì jẹ́ kó fọwọ́ kan ọ̀pẹ títí a ó fi dá yín lóhùn."

Òòrẹ̀ pe Ọ̀kẹ́rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ẹbu. Kò lè wo ojú rẹ̀.

"Mo lé ọ," ó ní. "Ó yá, mo gbà ọ́."

Ọ̀kẹ́rẹ́ dúpẹ́, torí kò mọ ohun mìíràn tí wọ́n máa ń ṣe tí wọ́n bá gbani síṣẹ́. Ó wá jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ tí wọ́n bí i sí. Ẹyìn pọ́n lórí rẹ̀, ó já bọ́, ó jẹrà.

Láràárọ̀ ló ń béèrè pé, "Ìyá, ṣé wọ́n ti ní ọmọ ibí ni mí?"

"Wọn ò tíì sọ."

Nígbà tí oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò wá mọ́.

Epo tán ní ààfin. Ọba jẹ iṣu lásán lẹ́ẹ̀mejì, ó ránṣẹ́ pe Òòrẹ̀ wá sí ìgbìmọ̀.

"Epo dà?"

"Kábíyèsí, ìwé òṣìṣẹ́ mi ṣì wà lọ́dọ̀ yín."

Kìnnìún yíjú sí Ìkookò. Ìkookò ṣàlàyé pé akọ̀wé tó ń yẹ ìwé wò ti wà nílé láti ọjọ́ yìí, nítorí ẹ̀dà kejì ni ìwé tirẹ̀.

"Ta ló yẹ kó tún un kọ fún un?"

"Èmi tí mo gbà á síṣẹ́ ni, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé kò lè kọ ti ẹlòmíràn, ẹ kò sì tíì kọ tèmi."

Ọba ní kí wọ́n kọ ti Ìkookò lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìjòyè tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ni wọ́n bá ní kí Òòrẹ̀ jókòó kó bá wọn kọ ọ́. Kò ní ète kankan nínú. Bí ìlà ṣe tò ló ń béèrè.

"Ìjòyè, níbo ni wọ́n bí yín sí?"

Ìkookò wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Òdìkejì odò."

Òòrẹ̀ kọ "òdìkejì odò". Ó gbé ìwé náà síwájú ọba.

"Kábíyèsí, ibí ni ọ̀gá máa fọwọ́ sí. Wọ́n ní kí ọ̀gá kọ́kọ́ kọ ibi tí wọ́n bí òun náà sí."

Kìnnìún wúkọ́. Ó wúkọ́ pẹ́.

Ìgbìmọ̀ wọ yàrá inú lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n kéde ẹ̀dà kẹrin: ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ láàfin kò ní kọ ibi tí wọ́n bí i sí mọ́, àwọn tó kù yóò kọ tiwọn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ẹranko tó dúró síta pàtẹ́wọ́. Àgbọ̀nrín ní ó tó àkókò kí ìjọba dojú kọ ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì.

Òòrẹ̀ gba etí odò lọ sílé. Lórí ọ̀pẹ kan ní òdìkejì, ó rí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń kọ ẹyìn. Ó pè é.

"Ṣé wọn ò béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀?"

"Wọ́n bi mí bóyá mo lè gun ọ̀pẹ," Ọ̀kẹ́rẹ́ dáhùn. "Ìyá, ṣé wọ́n ti sọ nǹkan kan nípa tèmi?"

"Wọn ò tíì sọ."

Láti ìgbà náà, òdìkejì odò ni epo ààfin ti ń wá. Nínú ìròyìn ọdún yẹn, Ìkookò kọ ọ́ pé àwọn àjèjì tó ń ṣiṣẹ́ ní Igbó Ọlọ́wàrà ti dín ní ẹyọ kan.